Ẹgbẹ̀rún Ọdún Tí Gẹ̀ẹ́sì Fi Ń Wá Ọ̀rọ̀ fún Ohun Tó Ti Mọ́ Ènìyàn Lára

Tí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé pípẹ́ dé ti di ìwà ẹnì kan, "Ó máa ń pẹ́ dé" ti tó. Tí kò bá jẹ́ ìwà rẹ̀, "Kì í pẹ́ dé" náà ti tó. Wúnrẹ̀n kékeré tó ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní irú wúnrẹ̀n bẹ́ẹ̀. Ó lè sọ pé "He comes late" kó sì dákẹ́, àmọ́ etí ẹni tó ń gbọ́ ọ á ṣì máa retí nǹkan sí i: ṣé "usually" ni, àbí "generally", àbí "commonly", "normally", "typically"? Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni wọ́n gbé ẹrù náà lé lórí. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò sì wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀, tó sì ní irú ènìyàn tó kọ́kọ́ nílò rẹ̀: àlùfáà, agbẹjọ́rò, oníṣirò, ẹni tó ń to ẹranko sí ẹ̀yà-ẹ̀yà. Ẹni tó bá tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yóò rí bí àṣẹ láti sọ pé "báyìí ló máa ń rí" ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí àwọn Norman tó gba England ní 1066, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní níbi tí "is" nìkan dúró sí lónìí. Èkíní ni "is" yìí náà, tí wọ́n fi ń sọ bí nǹkan ṣe rí lásìkò tí wọ́n ń wò ó. Èkejì ni "bið", tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ń bọ̀ àti ohun tó ti jẹ́ ìwà nǹkan látayébáyé. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe èèwọ̀ tí ẹnì kankan kì í rú, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba nínú àwọn ewì ọlọ́gbọ́n tó wà nínú Exeter Book, ìwé àfọwọ́kọ ọ̀rúndún kẹwàá tó ṣì wà ní kàtídírà ìlú Exeter títí di òní. Níbẹ̀, nígbà tí akéwì bá ń sọ ìwà òtútù, ti iná, ti ọba tàbí ti ìyàwó ilé, "bið" àti "sceal" ni ó ń lò. Àwọn méjèèjì ń ṣe ohun tí "a máa" ń ṣe lẹ́nu àwọn baba wa. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìwà ń gbé.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tún wà fún un, "gewunian", tó túmọ̀ sí kí nǹkan ti mọ́ ènìyàn lára. Láti ìdí kan náà ni "wunian" ti wá, tó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa gbé ibì kan. Àwọn ará Jámánì kò tíì ya àwọn ìbátan yìí nípa: "wohnen" ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn ń gbé ilé kan, "gewöhnlich" ni wọ́n sì fi ń sọ pé nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ti England, "gewunelīce" ni ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tó jáde láti ara rẹ̀, òun sì ni a lè pè ní "usually" ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìparí rẹ̀, "-līce", wá láti ara "līc", èyí tó túmọ̀ sí ara ènìyàn, pàápàá ara òkú. Ẹnu ọ̀nà onílé lókè tó wà níwájú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní England, níbi tí wọ́n ti ń gbé pósí dúró kí àlùfáà tó wá pàdé rẹ̀, ṣì ń jẹ́ "lychgate". "Līc" yìí náà ló ṣe gọ́lọ́ sẹ́yìn "usually" àti "normally". Kò burú kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń há "-ly" sórí mọ̀ pé òkú wà nínú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún díẹ̀ kí 1000 tó pé, mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Ælfric kọ ìwé gírámà Látìnì fún àwọn ọmọ iléèwé, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ohun tí a kò mọ ẹlòmíràn tó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn èdè ìbílẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, ó pè é ní alábàárìn ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ní kò pé tí kò bá sí ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tọ̀nà fún ìgbà tirẹ̀. Alábàárìn lásán ni "oft", "hwīlum" àti "gewunelīce" nígbà náà. Kódà àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ náà ń bá wọn ṣiṣẹ́: wọ́n á fi àmì onínǹkan sí ìdí ọ̀rọ̀ fún ọ̀sán tàbí òru, "dæges", "nihtes", ó di "lọ́sàn-án-lọ́sàn-án", "lóru-lóru". Ará Amẹ́ríkà tó bá sọ pé "I work nights" kò mọ̀ pé gírámà Ælfric ni òun ń sọ.

Nǹkan méjì ló ba ètò yìí jẹ́. Èkíní, "bið" àti "is" dara pọ̀. Láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ẹ̀ka èdè ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, àwọn ará àríwá mú "are" wá, àwọn ará gúúsù di "beth" mú fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí eruku sì rọlẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló kù, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó rí bẹ́ẹ̀ lónìí àti ohun tó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Èkejì, fáwẹ̀lì "-e" tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ já. Òun ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀-àpèjúwe di ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tẹ́lẹ̀: "heard" fún ohun tó le, "hearde" fún ohun tí a ṣe pẹ̀lú líle. Nígbà tó já, méjèèjì di "hard". Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ènìyàn ní láti di "-ly" mú. Bẹ́ẹ̀ ni "-ly" ṣe ráyè, tó wá wà ní sẹpẹ́ láti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí àwọn àjèjì bá gbé dé.

Àwọn àjèjì náà kò sì pẹ́ gbé e dé. Èdè Faransé di èdè ààfin àti ti kóòtù, iṣẹ́ kóòtù nígbà náà sì ni láti mọ ohun tí àdúgbò kan ti máa ń ṣe. Ta ló máa ń fi màlúù jẹ ní pápá yìí? Ta ló máa ń gba owó ibodè? Kì í ṣe ìwé òfin ni wọ́n máa ṣí. Àwọn àgbà àdúgbò ni wọ́n máa pè. Ìyẹn ni gbòǹgbò òfin England tí wọ́n ń pè ní "common law". Ṣùgbọ́n ìrántí àgbà ní ibi tó mọ. Ní 1275, lábẹ́ Ọba Edward Kìíní, òfin Westminster fìdí ààlà kan múlẹ̀ fún ẹjọ́ ilẹ̀: ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1189, ọjọ́ tí wọ́n dé Richard Kìíní ládé. Ohun tó bá ti ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, òfin kà á sí ohun tí ó ti wà kí ìrántí tó wà. Mo fẹ́ràn òfin yìí, nítorí pé ó sọ ní gbangba ohun tí àwọn èdè yòókù ń fi pamọ́: pé ẹnì kan ní láti jókòó kó pinnu ìgbà tí àṣà di àṣà.

Inú afẹ́fẹ́ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ bíi "custom", "usage" àti "common" ti ta gbòǹgbò sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1362, ilé ìgbìmọ̀ gbà kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù, nítorí pé Faransé kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó padà wọ kóòtù ti wọ aṣọ Faransé. Wọ́n mú "commun", wọ́n so "-ly" mọ́ ọn, ó di "commonly". Wọ́n mú "general", ó di "generally". Nígbà tí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún fi máa parí, "ordinarily" àti "usually" náà ti wà nílẹ̀. Orí Faransé, ìrù Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà kó tirẹ̀ wá. Aristotle ti pín ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé sí mẹ́ta: èyí tó wà bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, èyí tó rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àti èyí tó kàn ṣèèṣì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn tó ń fi Látìnì kọ̀wé sọ ìpín àárín yìí di "ut in pluribus", Thomas Aquinas sì lò ó nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí òfin àdánidá, láti sọ pé òfin ìwà lè tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà kó má sì tọ̀nà nínú ọ̀ràn kan péré. Láti ibẹ̀ ni àlàáfíà ti wà láàárín òfin àti àyọkúrò. "Ordinarily" pàápàá ní òórùn tùràrí lára: "Ordinary" ni wọ́n ń pe bíṣọ́ọ̀bù tó ní àṣẹ lórí agbègbè rẹ̀, òun náà sì ni orúkọ àwọn apá Máàsì tí kì í yí padà láti ọjọ́ Ìsinmi kan dé òmíràn.

Síbẹ̀, ìdílé "gewunian" kò tíì kú. Chaucer, tó kú ní 1400, ṣì ń fi "wone" sọ àṣà Franklin, ọkùnrin tó fẹ́ràn jíjẹ-mímu nínú ewì rẹ̀, *Canterbury Tales*. Bíbélì Ọba James tí wọ́n tẹ̀ ní 1611 ṣì fi "wont" sọ bí Jésù ṣe máa ń kọ́ àwọn ènìyàn, nínú Máàkù orí 10 ẹsẹ 1. Pàtàkì jù ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe "use" ń ṣiṣẹ́ ní ìsinsìnyí àti ní àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun máa ń lọ sí ọjà lè sọ pé "I use to go to market", kò sì sẹ́ni tó máa fi jáńbá kàn án. Milton lo "use" báyìí fún ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe nígbà tirẹ̀ nínú *Lycidas*, ewì tó jáde ní 1638. Nígbà tó yá, ti ìsinsìnyí yọ̀ dànù, ó ku "used to" ti àtijọ́ nìkan, tí ó túmọ̀ sí pé ènìyàn ti fi nǹkan náà sílẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní iléèwé láti Badagry dé Ìlọrin, kò sí ohun tí bírò pupa olùkọ́ ti fa ìlà sí tó "I used to go to church every Sunday" látọwọ́ ọmọ tó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń kọ nípa Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ti kà á mọ́ àwọn àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Ó yé mi ìdí tí ọmọ náà fi sọ bẹ́ẹ̀: ó ń wá "máa ń" nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sì jọ ọ́ jù lọ ló mú. Olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ láti fa ìlà rẹ̀, nítorí ìdánwò WAEC kì í ṣe ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó bú ọmọ pé kò gbọ́ èdè. Àyè tí ọmọ náà ń wá nínú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ti wà rí.

Ohun tó pa á kò fara sin. Nígbà ayé Shakespeare, ènìyàn lè lo ọ̀rọ̀-ìṣe lásán fún ohun tí ń lọ lọ́wọ́: nínú eré rẹ̀, Polonius bi Hamlet léèrè ohun tó ń kà, kò sì fi "-ing" sí i. Láti ìgbà náà ni "is reading" ti ń pọ̀ sí i, títí tó fi gba gbogbo ohun tí ń lọ lọ́wọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún. Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán wá di ti ìwà àti ti òtítọ́ gbogbogbòò. Nígbà tí "He reads" ti di ìwà fúnra rẹ̀, kí ni "use to" ń wá mọ́? Ṣùgbọ́n "He reads" kò lè sọ bí ìwà náà ṣe lágbára tó, bóyá nínú mẹ́wàá ó ń ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́sàn-án tàbí nínú mẹ́fà. Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ló wá ń wọn ìyẹn, ó sì kúrò ní alábàárìn tí Ælfric mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ireland ní "do be". Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní "be" tí kò yí padà, tó ń sọ ìwà nìkan, tí àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn bóyá Ireland ló ti wá, tàbí Áfíríkà, tàbí àárín wọn lọ́hùn-ún. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, olùwádìí kan, Janice Jackson, fi àwòrán àwọn ọmọlangidi orí tẹlifíṣọ̀n han àwọn ọmọdé ní Massachusetts: Cookie Monster, tí bisikíìtì jíjẹ ti mọ́ lára, dùbúlẹ̀ àìsàn, Elmo ń jẹ bisikíìtì. Tí wọ́n bá bi wọ́n pé "Who is eating cookies?", gbogbo wọn á ní Elmo ni. Tí wọ́n bá bi wọ́n pé "Who be eating cookies?", àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú á ní Cookie Monster ni, nítorí pé ìwà rẹ̀ ni, kódà bó tilẹ̀ ń ṣàìsàn; àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun á tún ní Elmo ni. Ìyàtọ̀ tí "bið" ń ṣe kí Norman tó dé ni àwọn ọmọ náà ń ṣe, tí àwọn kan sì ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò pójú òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí England. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún yẹn náà ni àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwà ènìyàn jọ bí ẹní ń kó ewé jọ. Theophrastus, akẹ́kọ̀ọ́ Aristotle, ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Gíríìsì: ẹni báyìí ni apọ́nni, ẹni báyìí ni ahun. Isaac Casaubon tú u sí Látìnì ní 1592, Joseph Hall sì gbé tirẹ̀ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1608. Ó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ. "Character" ní èdè Gíríìkì jẹ́ òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń lu owó, àmì tí kì í parẹ́ lára ẹyọ náà. "Characteristically" jáde láti ibẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí gbogbo àwọn yòókù: kì í sọ iye ìgbà rárá. Ènìyàn lè ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, kí a sì sọ pé "characteristically" ló ṣe é, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan náà fi òǹtẹ̀ rẹ̀ hàn. Ìdájọ́ ni.

Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ti àwọn olùtọ́jú ọgbà. Robert Lowth, tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù London, gbé gírámà rẹ̀ jáde ní 1762, ó sì bá Shakespeare, Dryden àti Swift wí nítorí pé wọ́n lo ọ̀rọ̀-àpèjúwe níbi tí ó yẹ kí "-ly" wà. Láti ìgbà náà ni àìfi "-ly" sí i ti di àmì àìkàwé. Kò dá ọ̀rọ̀ tuntun kan fún ìwà sílẹ̀, ó kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà níta.

Ọ̀rọ̀ tó yí ayé padà ni "normally". "Norma" ni irinṣẹ́ tí káfíńtà Róòmù fi ń wò ó bóyá igun pátákó dúró ṣánṣán. Nínú ìṣirò, "normal" ṣì ni ìlà tó dúró ṣánṣán lórí òmíràn, ohun tí "normally" kọ́kọ́ sì túmọ̀ sí nìyẹn. Ní Faransé ló ti kúrò lọ́wọ́ káfíńtà. Ìjọba ìyípadà dá École normale sílẹ̀ ní Paris ní 1794, iléèwé tí yóò fi ìlànà ìkọ́ni lélẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn ará Amẹ́ríkà mú orúkọ náà: ní 1839 ni "normal school" ìjọba àkọ́kọ́ wọn ṣí ní Lexington, Massachusetts, pẹ̀lú ọmọbìnrin mẹ́ta péré. Títí dé ọ̀dọ̀ tiwa ló rìn dé; àwọn ọ̀dọ́ Dahomey, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Benin báyìí, wà lára àwọn tó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní École normale William-Ponty ní Senegal. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, àwọn dókítà Paris bíi Broussais ń sọ nípa ara tó wà ní ipò "normal" àti èyí tó ń ṣàìsàn, Auguste Comte sì gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ènìyàn lọ sára àwùjọ.

Oníṣirò ará Bẹ́ljíọ̀m kan, Adolphe Quetelet, ló parí iṣẹ́ náà. Ní 1835, ó gbé ìwé jáde nípa ènìyàn tó wà ní ìwọ̀n àárín, ẹni tí kò sí níbì kankan àfi nínú ìṣirò. Ní 1846, ó ṣe àlàyé lórí àyà àwọn ọmọ ogun Scotland 5,738 tí wọ́n ti wọ̀n: díẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, díẹ̀ fẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn kó jọ sí nǹkan bí ínṣì 40. Lójú rẹ̀, ínṣì 40 yìí ni ohun tí Ẹlẹ́dàá ní lọ́kàn, àwọn yòókù kàn jẹ́ àṣìṣe kékeré. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. "Usually" ń sọ ohun tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣe. "Normally" ń sọ ìyẹn, ó sì tún ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣe, lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Àwọn àgbà àdúgbò tí kóòtù Edward máa ń pè kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi wọ́n léèrè. Tábìlì ìṣirò kì í dúró kí wọ́n bi í. Nígbà tí àwọn dókítà àti olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo "normal" fún ọmọ tó ń dàgbà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tètè rìn mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń fẹ̀sùn rẹ̀ kan.

"Typically" gba ọ̀nà mìíràn wá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, "type" ni ohun inú Májẹ̀mú Láéláé tó ń ṣàpẹẹrẹ ohun inú Májẹ̀mú Tuntun, gẹ́gẹ́ bí Róòmù orí 5 ẹsẹ 14 ṣe fi Ádámù ṣàpẹẹrẹ Kristi. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, oníwàásù tó bá ní nǹkan rí bẹ́ẹ̀ "typically" ń sọ pé lápẹẹrẹ ni. Àwọn onímọ̀ ẹranko àti ewéko gbà á lọ́wọ́ wọn: èyí tó dúró fún ẹ̀yà rẹ̀ jù lọ ni "type". Nígbà tó fi dé ọ̀rúndún ogún, "typically" ti kún inú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ẹ̀yà láìní láti ka iye. Ó tún di èébú: "Typical!", lẹ́nu ẹni tí bọ́ọ̀sì kò dé fún.

Òfin kò sì jẹ́ kí "ordinarily" sinmi. Ní 1928, ẹjọ́ Ọ̀gbẹ́ni Lysaght dé House of Lords. Ó ti ta ilé rẹ̀ ní England, ó ti kó lọ sí Ireland, ṣùgbọ́n lóṣooṣù ló máa ń padà wá fún ìpàdé ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀, á sì sun òtẹ́ẹ̀lì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn adájọ́ ní "ordinarily resident" ni ó jẹ́, kó san owó orí. Ní oṣù Kejìlá 1982, Lord Scarman wá dá ẹjọ́ Shah àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí wọ́n wá láti òkèèrè, tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò fẹ́ fún ní owó ẹ̀kọ́ nítorí pé torí ìwé ni wọ́n ṣe wà ní Britain. Ó ní bí ènìyàn bá fi ìfẹ́ ara rẹ̀ yan ibì kan láti máa gbé bí apá kan ìgbé ayé rẹ̀, tí ó ní ìdí tó dúró, ó jẹ́ "ordinarily resident" níbẹ̀; ìwé kíkà sì lè jẹ́ ìdí tó dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jàre. Kò pẹ́ tí ìjọba fi tún òfin ṣe, kí àkókò tí ènìyàn bá lò torí ìwé nìkan má baà kà. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Peckham àti Manchester mọ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé yìí ju àwọn onímọ̀ èdè lọ, nítorí pé òun ló ń pinnu bóyá ọmọ wọn yóò san owó ọmọ onílé tàbí ti àjèjì ní yunifásítì.

Àwọn onímọ̀ èdè àti onímọ̀ ọgbọ́n orí gan-an pẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ní 1975, David Lewis, onímọ̀ ọgbọ́n orí, fi hàn pé "usually" kì í fi dandan ka ìgbà. Ènìyàn lè fi sọ̀rọ̀ nípa nọ́ńbà, nọ́ńbà kò sì ní ọjọ́ tàbí wákàtí. Ohun tó ń kà ni àwọn ọ̀ràn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní 1977, Greg Carlson kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Massachusetts lórí àwọn gbólóhùn tó ń sọ nípa ẹ̀yà odindi. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àdììtú kan: "Mosquitoes carry malaria" jẹ́ òtítọ́, bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú ẹ̀fọn ló ń gbé e, abo *Anopheles* tó ti kó o nìkan. Ẹ fi "usually" sí i, ó di irọ́. Nítorí náà, ìwà ẹ̀yà kan àti ohun tí púpọ̀ nínú ẹ̀yà náà ń ṣe kì í ṣe ohun kan náà, bí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tilẹ̀ máa ń jẹ́ ká rò bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àwọn oníṣirò ti wá kó "commonly" sí báyìí ni inú páálí oògùn. Ní Yúróòpù, ìlànà tó wà fún ìwé pélébé inú páálí oògùn fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ìṣòro oògùn tó bá "very common" gbọ́dọ̀ kan ó kéré tán ẹnì kan nínú mẹ́wàá. "Common" ni láti ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún títí dé ẹnì kan nínú mẹ́wàá. "Rare" ni ẹnì kan nínú 10,000 sí ẹnì kan nínú 1,000. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ohun tí kò ní ṣe ènìyàn 95 nínú ọgọ́rùn-ún lè jẹ́ "common". Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Britain bi àwọn ènìyàn léèrè iye tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ohun tí wọ́n fojú bù ga fíofío ju ti ìlànà lọ. Àwọn kan nínú wọn lè tìtorí ẹ̀ má lo oògùn mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé pélébé náà kì í fi jẹ́ kí "common" dá dúró mọ́: nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé ó lè kan tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá.